Ta Ló Bí Kọ́bọ́ọ̀dù?

Àlá tí mo lá lóru àná ṣì ń bí mi nínú. Ẹ jókòó, kí n sọ ọ́ fún yín.

Èmi àti kọ́bọ́ọ̀dù yàrá mi la jọ ń gun àkàsọ̀ lọ sí ọ́fíìsì kan tó léfòó sójú òfuurufú. Wọ́n ní gbogbo ọ̀rọ̀ òyìnbó tó ń gbé nílé Yorùbá gbọ́dọ̀ wá fi ìdílé rẹ̀ hàn. Èyí tí wọn ò bá gba ìdílé rẹ̀ gbọ́, igi ìdáná ni.

Akọ̀wé ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní kí bàbá kọ́bọ́ọ̀dù jáde. Pákó gígùn kan dìde, òun ni òyìnbó ń pè ní bọ́ọ̀dù. Ife páànù kan jókòó lé e lórí, ó ní òun, kọ́ọ̀pù, ni ìyá. Pákó wá ń ṣàlàyé pé láyé àtijọ́, ṣe ni wọ́n kàn ń to ife sórí òun ní gbangba, kò sí ògiri, kò sí ilẹ̀kùn. Ìgbà tó yá ni wọ́n kan ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn, wọ́n fi ilẹ̀kùn sí i, ọmọ sì dé. Àlàyé náà dùn mọ́ mi gan-an.

Akọ̀wé ní kí n ṣí ọmọ náà wò. Ṣòkòtò mi ló wó jáde.

"Ìran ife wo ló ń gbé ṣòkòtò?" ló wí. "Ọmọ àlè ni."

Ife bú sẹ́kún. Kọ́bọ́ọ̀dù fi ilẹ̀kùn gbá mi léjìká.

"Bàbá Ìdòwú, ẹ sọ fún wọn. Ṣé èmi ni mo ń wọ ṣòkòtò ni?"

Mo ní èmi ni mo kó o síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọmọ ló ń sọ ọ́ di ọmọ àlè, kí akọ̀wé náà dìde lórí àga, torí àgbẹ̀ ni bàbá tiẹ̀. Ó fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n ó ti di òbúkọ, ó sì ti ń jẹ òǹtẹ̀ ọ́fíìsì lọ.

"Ẹ bi òun náà léèrè bàbá rẹ̀," ni mo wí fún àwọn akọ̀wé tó kù níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bi í. Ó fi pátákò lu tábìlì, kọ́bọ́ọ̀dù di igi ìdáná nìyẹn. Àáké sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, ó ń tọrọ àforíjì bó ṣe ń bọ̀. Mo fara bo kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì pariwo títí mo fi jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo jáde sẹ́yìnkùlé. Ìyàwó mi ti gbé pákó kan lé búlọ́ọ̀kù méjì, ó da gbogbo ife ilé dé orí rẹ̀ kí omi lè ro. Ó béèrè ohun tí àwọn ife náà fi ṣe mí tí mo fi ń wò wọ́n báyẹn.

Mo wọlé lọ kó ṣòkòtò mi jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù.