Aṣọ Àwọn Ọmọ Gánà

"Míìsì Akínyẹlé, bí ó bá di ọjọ́ Ẹtì tí àwọn bẹ́ńṣì yìí ṣì ṣófo báyìí, màá ní kí wọ́n kó wọn padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kíláàsì tí kò ní ọmọ, àhéré lásán ni."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlágòkè, hẹ́dìmásítà, ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà abà tí wọ́n sọ di kíláàsì lẹ́yìn ilé ìwé wọn ní Ṣakí. Mojọlá Akínyẹlé, tíṣà tí wọ́n fi kíláàsì náà lé lọ́wọ́, bojú wo inú kíláàsì. Ọmọ mẹ́rin péré ló jókòó níbi tó yẹ kí ọgbọ̀n ọmọ wà. Aṣọ olómi ọsàn ló wà lára àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ilẹ̀ ni wọ́n sì ń wò.

Ìparí ọdún 1969 ni ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní ilẹ̀ àwọn. Ọyẹ́ ti ń mú nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù já àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lára wọn sí Ṣakí, tàwọn ti àpótí àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàbá tó ti ń tajà ní Kùmásì láti ìgbà èwe wá ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹbí tí kò mọ̀ ọ́n mọ́. Tàwọn ọmọ ló wá ṣeni láàánú jù, nítorí ọ̀hún ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n gbọ́ èdè Àṣáńtì bí ẹní mu omi, ṣùgbọ́n bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì ni wọ́n ń sọ Yorùbá.

Àánú wọn ṣe àwọn ará ìlú lóòótọ́. Ìgbìmọ̀ jókòó ní pálọ̀ pásítọ̀: pásítọ̀ fúnra rẹ̀, hẹ́dìmásítà, Màmá Ògúndìran tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, àti Mojọlá tó jẹ́ akọ̀wé. Ìgbìmọ̀ Ọmọ Gánà ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tan àtùpà wá inú rẹ̀, ẹ kò ní í rí ará Gánà kan ṣoṣo. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: kí kíláàsì máa bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kí gbogbo ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D, kí ẹgbẹ́ ìyá sì rán aṣọ kan náà fún wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn náà ní ẹgbẹ́. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ wá. Bí a bá fẹ́ràn ènìyàn, aṣọ la ó kọ́kọ́ rà bò ó. Mojọlá ló mú àbá aṣọ yẹn wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí hẹ́dìmásítà halẹ̀ mọ́ ọn, kí agogo ilé ìwé tó dún, ó ti dé ojú ọ̀nà Ìséyìn, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ará Gánà gba ilé sí. Ìyá Àrínọlá dúró nídìí ààrò amọ̀ ńlá, ó ń fa búrẹ́dì gbígbóná jáde. Àwọn ọmọ tí Mojọlá ń wá ló ń to búrẹ́dì sínú àwo. Bàbá Jímọ̀, tí gbogbo wọn mú bí olórí, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń jan tẹ̀sùbáà.

"Ẹ káàbọ̀, Tíṣà," ni Ìyá Àrínọlá wí. "A dúpẹ́ oore ọjọ́sí o."

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Àwọn ọmọ kò wá sílé ìwé mọ́. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan. Wọ́n ń bọ̀, lágbára Ọlọ́run. Ẹ ṣeun gan-an ni."

"Ọlọ́run á san án fún yín," ni Bàbá Jímọ̀ fi tì í lẹ́yìn.

Ọpẹ́ yẹn sú Mojọlá. Ó rí i pé ọpẹ́ náà ni wọ́n fi ń tilẹ̀kùn mọ́ òun. Ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé kan kì í fẹ́ kí onílé kejì gbọ́ ìráhùn òun. Ó fa àpótí kékeré kan, ó jókòó, ó sì kọjú sí Àrínọlá, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àwo búrẹ́dì kalẹ̀.

"Àrínọlá, ìwọ ni mo wá bi."

Ìyá rẹ̀ tètè dá sí i. "Ọmọdé ni, Tíṣà. Kí ló mọ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, àwa sì ti fá a. Ẹ jẹ́ kí olórí sọ̀rọ̀."

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ wo Bàbá Jímọ̀. Bàbá Jímọ̀ mi orí pé kó sọ ọ́.

"Ṣé ẹ ò ní í nà mí, mà?"

"Mi ò ní í nà ọ́."

"Aṣọ yẹn ni. Nígbà tó kù díẹ̀ ká kúrò ní Kùmásì, ẹnì kan fi ẹfun sàmì sí ilẹ̀kùn wa, kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé àlejò ló ń gbébẹ̀. Bí mo bá wọ aṣọ yẹn, tí àwọn ọmọ bá ń kọrin 'Gánà, ẹ máa lọ' tẹ̀lé mi, ó máa ń ṣe mí bíi pé èmi ni ilẹ̀kùn yẹn."

Ojú ti Mojọlá. Ó fẹ́ sọ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi rán an, ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Kí ló tún kù?"

"Kíláàsì kẹfà ni mo wà ní Kùmásì, mà. Níbí, ẹ ní kí n máa ka A, B, D pẹ̀lú àwọn jẹ́lé-ó-sinmi. Àárọ̀ ni búrẹ́dì sì ń tà jù. Bí a ò bá tà á, a ò ní í jẹun."

"Báwo lo ṣe fẹ́ kó rí?"

Kò sẹ́ni tó bi í nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tó ti dé Ṣakí. Ó ronú díẹ̀. "Kí a máa wá bí búrẹ́dì bá tán. Kí ẹ dán wa wò, kí oníkálukú lọ sí kíláàsì tí ìṣirò rẹ̀ bá tó. Yorùbá nìkan ni kí ẹ kọ́ wa látìbẹ̀rẹ̀. Mo lè kọ́ àwọn kékeré níṣirò, mo gbọ́ èdè wọn."

Mojọlá dìde. "Ọjọ́bọ̀ ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ ó bá mi lọ."

"Wọn ò pè wá, Tíṣà," ni Bàbá Jímọ̀ wí.

"Mo pè yín, sà."

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹnu ya hẹ́dìmásítà nígbà tí wọ́n bá Mojọlá wọ pálọ̀ pásítọ̀. "Míìsì Akínyẹlé, kí lèyí?"

"Ìgbìmọ̀ ló kún sí i, sà."

Mojọlá ní kí Àrínọlá sọ ohun tó sọ nídìí ààrò. Ọmọ náà sọ ọ́, kò fo ọ̀kan. Nígbà tó parí, Màmá Ògúndìran tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé.

"Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni! Ìdí ẹ̀rọ ni mo sùn sí nítorí aṣọ yìí. Ọmọ tí kò tíì mọ ìkúnlẹ̀ ló wá ń kọ́ wa!"

"Ohun tí mo rí nìyẹn," ni hẹ́dìmásítà wí. "Ká ti kíláàsì náà pa, ó parí."

Màmá Ògúndìran ló bá Mojọlá bẹ̀bẹ̀ kó tó ríṣẹ́ tíṣà. Síbẹ̀, ó fi kálàmù rẹ̀ lélẹ̀ lórí tábìlì.

"Màmá, èmi ni mo dá àbá aṣọ, èmi ni kí ẹ bínú sí. Ṣùgbọ́n bí àwọn mẹ́ta yìí kò bá ní ìjókòó níbí, ẹ wá akọ̀wé mìíràn. Bí ẹ bá sì kó bẹ́ńṣì lọ, n ó máa kọ́ wọn nídìí ààrò búrẹ́dì."

Pásítọ̀ wú ikọ́. "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n…" Kò parí òwe náà, kò sì sẹ́ni tó bá a parí rẹ̀.

Àrínọlá ló kúnlẹ̀ níwájú Màmá Ògúndìran. Lóòótọ́ ni, kò mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀. Orúnkún kan ló kọ́kọ́ fi kanlẹ̀, ó wá wá èkejì.

"Ẹ má bínú, Màmá. Aṣọ yẹn dára, ìránṣọ yín sì dán. Ohun tó dùn wá ni pé àwa nìkan la ń wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá kọ́ wa níránṣọ, a lè fi aṣọ náà rán àpò ìwé fún gbogbo ọmọ ilé ìwé, ọmọ Ṣakí, ọmọ Gánà. Bí gbogbo wa bá gbé e, kò ní í jẹ́ àmì mọ́."

Màmá Ògúndìran wo ọmọ náà títí. Ó nawọ́, ó bá a gbọn ìyẹ̀fun tó wà léjìká rẹ̀ dànù. Lẹ́yìn náà ló sún lórí àga gígùn tó jókòó sí, ó fọwọ́ lu àyè tó ṣí sílẹ̀.

"Dìde, wá jókòó. Aago mélòó ni búrẹ́dì yín máa ń tán?"

Hẹ́dìmásítà yíjú sí Mojọlá, ó ń retí ìdáhùn. Mojọlá mú kálàmù rẹ̀ nílẹ̀, òun náà sì yíjú sí Àrínọlá. Òun kọ́ ni wọ́n bi.