Àmì Ṣọ́ọ̀kì Lára Ilẹ̀kùn

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì fi rìn káàkiri àdúgbò tí àwọn ọmọ ogun ìjọba ti bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ jà. Iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kí ó yẹ ìjà náà wò fínnífínní, kí ó sì kọ àbọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Kò sí ilẹ̀kùn tí kò ní àmì ṣọ́ọ̀kì funfun. Bí àwọn ọmọ ogun bá ti tú ilé kan tán, wọn a fàmì sí i pé kò sí ọ̀tá níbẹ̀ mọ́, wọn a sì kọjá sí èkejì. Ṣùgbọ́n nínú ilé kẹrin, Kọ́nẹ́ẹ̀lì sún kọ́bọ́ọ̀dù kan, ó sì rí ihò tí ènìyàn lè rá kọjá. Ihò náà já sí ilé ìdáná aládùúgbò. Ibẹ̀ náà tún já sí ibòmíràn. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti dá ògiri gbogbo òpópónà náà lu. Bí àwọn ọmọ ogun ti ń fàmì síwájú ni ọ̀tá ń gba inú ilé padà sẹ́yìn wọn. Ọmọ ogun mọ́kànlélógójì ni ó kú, ẹ̀yìn ni ìbọn sì ti bá èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn.

Ojú ewé kẹfà àbọ̀ rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sí. Ọ̀gágun tí ó rán an níṣẹ́ kà á, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

“Ta ló gba àdúgbò náà?”

“Àwa ni, sà. Ṣùgbọ́n—”

“Ṣùgbọ́n wo? A ṣẹ́gun tán, o wá ń ka ihò ara ògiri fún mi bí ẹni tó fẹ́ háyà ilé!”

“Ọjọ́ Ẹtì la ó wọ àdúgbò kejì, sà. Ẹ jẹ́ ká fi èèyàn ṣọ́ ilé tá a bá ti tú.”

“Èèyàn dà? Tí mo bá fi mẹ́rin-mẹ́rin ṣọ́ ilé, ta ló kù tó máa jà? Yọ ewé yẹn kúrò, kó o fọwọ́ sí ìyókù.”

Kọ́nẹ́ẹ̀lì yọ ọ́. Ó fọwọ́ sí ìyókù. Ohun tí ó rò ni pé òun yóò dọ́gbọ́n sọ ọ́ fún ọmọ òun, nítorí pé sájẹ́ǹtì ni ọmọ náà nínú àwọn tí yóò kọ́kọ́ wọlé lọ́jọ́ Ẹtì.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọmọ wá gba páálí ṣọ́ọ̀kì ní ọ́fíìsì bàbá rẹ̀. Bàbá na ewé kẹfà tí ó yọ sí i. Sájẹ́ǹtì kà á dé ìsàlẹ̀.

“Bàbá mi, kò sí òǹtẹ̀ níbí.”

“Ṣé òǹtẹ̀ ni yóò ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ ni? Fi èèyàn sílẹ̀ lẹ́yìn!”

“Àbọ̀ tẹ́ ẹ fọwọ́ sí ni wọ́n kà fún wa láàárọ̀, wọ́n ní gbogbo ẹ̀ ló lọ dáadáa. Ẹ̀yin náà lẹ gbá mi létí nígbà tí mo wà ní kékeré, tẹ́ ẹ ní ológun kì í ṣe ohun tí kò bá sí nínú àṣẹ.”

Ó ká ewé náà mẹ́rin, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún bàbá rẹ̀. Ó kí i kíkí ológun, ó sì gbé páálí náà lé èjìká. Ìsàlẹ̀ páálí ti ya díẹ̀. Eruku funfun ń dà sí i lẹ́yìn aṣọ bí ó ti ń lọ.