Ilé Méjì Lórí Ẹní

Bébà náà ti wà lórí tábìlì, ó ku kí Àǹtí Ẹní tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ó bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ kí aago méjìlá tó lù, wọ́n á gba ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, wọ́n á mú un lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọ ti ìjọba. Obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa mú un lọ ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, báàgì lórí itan, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ ṣáá.

Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ ní Àǹtí Ẹní, nítorí kì í gba ọmọ kankan lórí àga, orí ẹní ni wọ́n máa ń jókòó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tọ́jú ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí ọkàn wọn kò lélẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn nìkan kọ́ ló ń wò. Á bi ọmọ léèrè oorun, á bi í léèrè ìgbẹ́, á bi í léèrè bàtà tó ń há a lẹ́sẹ̀ àti ọ̀rẹ́ tó bá a jà. Á ní odidi ọmọ ni ìyá ọmọ bí, kò bí orí lásán. Òfin rẹ̀ kan sì wà tó máa ń fọ́nnu lé lórí: gbogbo ẹni tó ń bá ọmọ gbélé gbọ́dọ̀ wá ya ilé náà sórí bébà, kálukú lọ́tọ̀, láìwo ti ẹnìkejì.

Òfin dáadáa ni. Òun fúnra rẹ̀ ló tún rú u. Ọmọbìnrin yìí ti ya tirẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá kò yà, torí pé ọjọ́ kan ṣoṣo tí bàbá yọjú, ojú rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ le, Àǹtí Ẹní sì ti dá a lẹ́bi nínú ikùn kí ó tó kí i tán. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Tirẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ tíì gbọ́ ti ẹnì kan.

Àbí kí ni kò bá rò? Ọmọ ń sùn ní kíláàsì débi pé Olóorun ni wọ́n ń pè é. Ìka mẹ́ta wú lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, èékánná kan ti dúdú. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló ṣe é, á wo ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá, òun àti bàbá nìkan ló kù nílé. Káfíńtà sì ni bàbá, ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí pákó tó ń là.

Ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù nígbà tí káfíńtà wọlé, èérún pákó nírun. Ó wo bébà, ó wo ọmọ rẹ̀ tó ká jọ sí ìkángun ẹní.

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ gba ọmọ mi."

"Ẹ jókòó ná, bàbá."

"Mi ò jókòó. Wọ́n ní mò ń lù ú. Mi ò gbé ọwọ́ sókè sí i rí. Màmá mi, sọ fún wọn." Bó ṣe máa ń pe ọmọ náà nìyẹn, nítorí ó jọ ìyá tó bí bàbá.

Olóorun kò gbójú sókè. Ìka rẹ̀ ló ń wò.

Àǹtí Ẹní wo bébà tó wà lórí tábìlì. Bí ó bá tọwọ́ bọ̀wé tí ọkùnrin yìí kò sì jẹ̀bi, ó sọ ọmọ aláìníyàá di aláìníbàbá. Bí kò bá tọwọ́ bọ̀wé tí ọkùnrin náà sì jẹ̀bi, ìka nìkan kọ́ ló máa wú lọ́jọ́ mìíràn. Ó na bébà òfìfo àti pẹ́ńsù sí i.

"Ẹ bá mi ya ilé yín."

"Ṣé eré lẹ rò pé mo wá ṣe ni?"

"Káfíńtà ni yín. Ẹ yà á."

Ó fi ìbínú yà á, síbẹ̀ ìlà rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan. Nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, níbi ẹsẹ̀, ó ya igun mẹ́rin kékeré kan.

"Kí nìyí?"

"Pàkúté. Eku kan ló ń gé mi jẹ ní àtẹ́lẹsẹ̀ lóru. Mo ti dẹ ẹ́ láti oṣù kan. Ó máa ń ré, ṣùgbọ́n mi ò bá eku nínú ẹ̀ rí."

Àǹtí Ẹní ṣí fáìlì ọmọ náà. Ó yọ àwòrán ọmọ jáde, ó tẹ́ ilé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ẹní. Níbi tí bàbá ya pàkúté sí gan-an, ọmọ ya róbótó kan sí, Àǹtí Ẹní sì ti fi báírò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé: tìmùtìmù. Ojú tì í.

"Ṣé ìwọ lò ń jókòó síbí?"

Ọmọ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

Òṣìṣẹ́ ìjọba ọ̀hún kan ilẹ̀kùn. "Àǹtí, ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Bàbá mi máa ń hanrun," Olóorun sọ fún ẹní. "Wọ́n á wá dákẹ́. Wọn ò ní mí mọ́. Mo máa ń ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá. Tí wọn ò bá tíì mí, mo máa ń fi rúlà gún wọn lẹ́sẹ̀. Òkùnkùn ni, nígbà mìíràn mo máa ń gbàgbé ibi tí pàkúté wà."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" Ohùn bàbá ti yí padà.

"Ẹ ní tí mi ò bá sùn, ẹ máa rán mi lọ sọ́dọ̀ bùrọ̀dá yín. Ta ló máa wá gún yín? Màámi náà hanrun lọ́jọ́ tí wọ́n kú. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n dákẹ́. Mo rò pé wọ́n ti wá ń sùn dáadáa ni, èmi náà bá sùn."

Káfíńtà jókòó sórí ẹní. Ó gbé ọwọ́ tó wú náà sáàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń sunkún láìbojú.

"Ṣé orí máa ń fọ́ yín láàárọ̀?" Àǹtí Ẹní bi í. "Ṣé ẹ máa ń tòògbé lẹ́nu iṣẹ́?"

"Lójoojúmọ́. Lánàá, mo sùn lórí ayùn."

Àǹtí Ẹní ti bébà ìjọba sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọ lẹ́tà mìíràn sí ilé ìwòsàn pé èémí ẹni yìí máa ń dúró lójú oorun. Níbi orúkọ aláìsàn, orúkọ bàbá ló kọ. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba wọlé, Àǹtí Ẹní fi àwòrán méjèèjì hàn án. Obìnrin náà wò wọ́n pẹ́, ó sì sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀.

"Wọ́n á dá bàbá ẹ dúró sí ilé ìwòsàn lónìí," Àǹtí Ẹní sọ fún ọmọ. "Nọ́ọ̀sì á máa ṣọ́ wọn. Ìwọ, wàá sùn."

"Ṣé nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ẹ̀wá ni wọ́n ń kà dé?"

"Màá sọ fún un."

Ọmọ náà rò ó. Ó ṣí báàgì ilé-ìwé rẹ̀, ó yọ rúlà jáde, ó nà á sí i.

"Ẹsẹ̀ òsì ni kí wọ́n gún," ó ní. "Ti ọ̀tún ti yi."