Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Ọmọ́lẹ́wà Fẹ́ Fi Sùn

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ọmọ mi ní òun fẹ́. Kì í ṣe Dubai, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ní Leicester níbí. Ìkọ̀gòsì ni, ní Èkìtì wa, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ igi. Kí àwọn ọmọ máa ta omi sí ara wọn, kí ọkọ òun máa ṣọ́ wọn, kí òun sì máa sùn.

Ọmọ́lẹ́wà ni orúkọ rẹ̀. Tíṣà ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsọlọ̀, ọmọ méjìléláàádọ́ta ló wà ní kíláàsì rẹ̀. Bó bá délé, Kíkí ọmọ ọdún mẹ́fà á ti máa dúró dè é pẹ̀lú ìbéèrè, Ìléríolúwa ọmọ ọdún méjì kì í sì í jẹ́ kó fojú kan oorun títí ilẹ̀ á fi mọ́. Olúbọ̀wálé ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ṣìfíìtì lónìí, ṣìfíìtì lọ́la. Ilé tí mo kọ́ sí Àjàó Estate ni wọ́n ń gbé, ilé tí mo fi sílẹ̀ ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn pé mo ń bọ̀ láìpẹ́.

Oṣù Keje ọdún tó kọjá ni Ọmọ́lẹ́wà pè mí. Bàálù kan ń kọjá lókè orí rẹ̀, ó dákẹ́ lẹ́nu ọ̀rọ̀, èmi náà dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ̀rọ̀ ní àdúgbò yẹn. Bí bàálù bá ń bọ̀, a ó gbé ọ̀rọ̀ dúró; bó bá lọ tán, a ó mú un láti ibi tí a bá a dé. Mo ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n etí mi kò tíì kúrò.

"Dádì," ó ní, "a ti gba yàrá. Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí la ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Ìyá Adéjùmọ̀."

Ìyá Adéjùmọ̀ ni àbúrò mi obìnrin tó ń gbé inú ilé bàbá wa ní Àrámọ̀kọ. Iwájú ilé náà gan-an ni wọn yóò gbà kọjá lọ sí Ìkọ̀gòsì.

"Ṣé ẹ ó kàn kọjá bẹ́ẹ̀ ni? Láìyà rárá?"

"A ó yí gíláàsì mọ́tò sókè."

Mo gbọ́ ẹ̀rín Olúbọ̀wálé lẹ́yìn rẹ̀. "Dádì, èmi ti ní kó fi ìborùn bojú. Kò kúkú sẹ́ni tó mọ mọ́tò mi níbẹ̀."

"Máa rẹ́rìn-ín ṣáá," Ọmọ́lẹ́wà sọ fún un. "Dádì, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Bí a bá ní ká yà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ yẹn. Mo fẹ́ sùn ni. Mi ò rántí ìgbà tí mo sùn gbẹ̀yìn."

Mo ṣèlérí fún un.

Ó ya àwòrán ìwé kan tó lẹ̀ mọ́ ẹnu fíríìjì ránṣẹ́ sí mi. Páḿpásì. Òògùn ibà. Ìpara ẹ̀fọn. Póò. Ìrọ̀rí Ìléríolúwa, torí kì í sùn lórí òmíràn. Nísàlẹ̀ pátápátá, Kíkí ti fi lẹ́tà gbàgìdì-gbàgìdì kọ ọ́ pé: OORUN MỌ́MÌ.

Ọjọ́ kejì ni mo pe àbúrò mi.

Mi ò lè sọ pé mo ṣèèṣì. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, òjò ń rọ̀ wínníwínní, mo ń ro àgbàlá bàbá mi àti igi ọsàn tó wà lẹ́yìn kànga. Mo rò ó pé bí àwọn ọmọ ọmọ mi bá fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, á dà bí ẹni pé èmi náà tẹ̀ ẹ́.

"Wọ́n ń kọjá lọ́jọ́ Jímọ̀," mo ní. "Kí wọ́n kàn yà mu omi."

"Omi kẹ̀?" àbúrò mi ní. "Ọmọ yín ń bọ̀ ní ulé, ẹ ń sọ̀rọ̀ omi. Ẹ̀gbọ́n mi, Òyìnbó ti bà yín jẹ́."

Kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo ẹbí ti gbọ́. Wọ́n sún ìpàdé oṣù Kẹjọ bọ́ sí Sátidé yẹn. Wọ́n ní kí Olúbọ̀wálé wá dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà tí kò lè wá síbi ìgbéyàwó. Ṣọ́ọ̀ṣì ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún ìdúpẹ́ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ń pe Ọmọ́lẹ́wà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń rán an létí búrẹ́dì, torí ẹni tó ti Èkó bọ̀ kì í wọlé wa láìru búrẹ́dì.

Ó tún ya àwòrán ìwé ẹnu fíríìjì ránṣẹ́. Búrẹ́dì Ìyá Adéjùmọ̀, méjì. Búrẹ́dì pásítọ̀. Búrẹ́dì olórí ẹbí, mẹ́ta, kí ṣúgà má pọ̀ nínú rẹ̀. Orúkọ náà gùn títí dé ìsàlẹ̀, ọ̀kan sì ti gorí ohun tí Kíkí kọ.

Mo pè é, kò gbé e. Olúbọ̀wálé ló pè mí padà ní ìrọ̀lẹ́.

"Dádì, ẹ ti tú wa fó." Kò fi ìbínú sọ ọ́. "A ti yọ̀ǹda yàrá yẹn. Ìyàwó mi ní bó bá jẹ́ pé iyán ogún èèyàn lòun fẹ́ lọ gún, kí òun kúkú jókòó sílé. Èmi náà ti ní kí wọ́n fi mí sí ṣìfíìtì."

Mo pe Àrámọ̀kọ lójú ẹsẹ̀. Mo ní wọn ò wá mọ́, èmi ni mo sì ní kí wọ́n má wá, èmi ni kí wọ́n bá wí. Àbúrò mi gé fóònù mọ́ mi létí.

Ní Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Ọmọ́lẹ́wà pè, ojú rẹ̀ hàn nínú fóònù. Ẹyinjú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ìléríolúwa rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, Kíkí ń fa aṣọ rẹ̀.

"Ọmọ mi, má bínú."

"Mi ò bínú, Dádì. Ìbínú gan-an ń fẹ́ agbára."

"Ti ilẹ̀kùn. Gbé fóònù yẹn ti agolo mílíìkì, kó o kó àwọn ọmọ jókòó síwájú mi. Kí ìwọ dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn tó wà lẹ́yìn wọn."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe láti ọ̀hún?"

"Ẹnu mi ṣì ń ṣiṣẹ́."

Ó ṣe bí mo ti wí.

Mo sọ ìtàn omi Ìkọ̀gòsì fún àwọn ọmọ náà, bí ọwọ́ kan ṣe ń gbóná tí èkejì ń tutù. Kíkí dìde, ó bu omi fíríìjì sínú abọ́ kan, ó sì lọ bu omi tí oòrùn ti mú gbóná nínú korobá tó wà ní báákónì sínú òmíràn. Ó ki ọwọ́ àbúrò rẹ̀ bọ inú méjèèjì. Ìléríolúwa fẹ́ pariwo, mo gbé ìka lé ètè. Kápẹ́ẹ̀tì rin gbingbin.

Fóònù mi kejì ń dún. Ìyá Adéjùmọ̀ ni. Ó pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo dà á dojú bolẹ̀.

Bàálù kan ń bọ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dákẹ́, ó sì kọjá lórí òrùlé ilé mi ní Àjàó Estate, ó lọ. Nígbà tó lọ tán, mo gbọ́ ọmọ mi lẹ́yìn wọn, ó ń hanrun.

"Gránpà," Kíkí sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ṣé ká máa sọ̀rọ̀ lọ?"

"Rárá," mo ní. "Bàálù mìíràn ń bọ̀."