Pijó Tó Ń Fi Ẹ̀yìn Wálé

2.
…torí náà, tí irọ́ kan bá wà nínú ẹ̀, kí n má fẹnu kan ẹran Iléyá mọ́ láyé. Péjú aládùúgbò wa ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ìkíní ti sọnù. Ẹ ò pàdánù nǹkan kan, ẹwà mi ni mo ń sọ níbẹ̀.

3.
Òjò wó ilé wa ní Ìtòkò. Èmi Ṣéhù, ọwọ́ kan ni mo fi gbé òrùlé dúró títí ẹ̀gbọ́n mi Sàfúrátù fi kó àwọn ọmọ wọn jáde.

[Péjú: Ó ń sùn nígbà yẹn. Omi ló jí i.]

Iwájú ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Ìlèwó la wá ń sùn.

4. ÌKÉDE LÁRA ILẸ̀KÙN ṢỌ́Ọ̀ṢÌ, OṢÙ KẸWÀÁ 1983
ẸNI TÓ BÁ NÍ MỌ́TÒ TÍ KÒ LÒ MỌ́, KÓ FI TA ẸNI TÍ KÒ NÍLÉ LỌ́RẸ, KÍ ONÍTỌ̀HÚN LÈ FI ṢIṢẸ́.

Péjú ló kà á fún mi. Màmá Lydia ní Ọdẹ́dá ló dáhùn, wọ́n ní kí n wá gbé Pijó ọkọ àwọn. Èmi ò mọ̀wé. Ìwé ló mọ̀ mí.

5. IṢẸ́ TÍ BÀBÁ ONÍLÉ RÁN SÍ Ẹ̀GBỌ́N MI
"Mo ní yàrá kan. Mi ò gba ẹni tí kò níṣẹ́. Kí n rí mọ́tò yẹn lẹ́nu ọ̀nà mi kí wọ́n tó kírun Jímọ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tíṣà kan ti ń wo yàrá náà."

6. ỌDẸ́DÁ, ÀÁRỌ̀ JÍMỌ̀
MÀMÁ LYDIA: Mọ́tò ọkọ mi rèé. Wàá fi ṣoríire.
ÈMI: Àmín, mà. Adìyẹ orí síìtì ẹ̀yìn yìí ńkọ́?
MÀMÁ LYDIA: Ó ń sàba. Má dà á láàmú o.
ÈMI: Ṣé òun náà ò nílé ni, mà?
MÀMÁ LYDIA: Ilé ẹ̀ lo fẹ́ gbé lọ yẹn.

7.
Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó dáhùn. Gbogbo jíà iwájú kọ̀.
Ẹ̀yìn nìkan ló gbà.

8.
            Ọdẹ́dá
        ẹ̀yìn
    ẹ̀yìn
ẹ̀yìn

9.
ỌLỌ́PÀÁ: Níbo lò ń lọ?
ÈMI: Abẹ́òkúta, ọ̀gá.
ỌLỌ́PÀÁ: Ọdẹ́dá lo kọjú sí.
ÈMI: Mo ń dágbére fún wọn ni.

10.
Bọ́ọ̀sì kan tẹ̀ lé mi. Èmi àti dẹ́rẹ́bà ẹ̀ wojú ara wa títí, a fẹ́rẹ̀ẹ́ di àna.

11. ẸNU Ọ̀NÀ ONÍLÉ. LÁDÁNÌ TI Ń WÚKỌ́.
SÀFÚRÁTÙ: Ṣéhù, o ti bà mí jẹ́.
ONÍLÉ: Ta ló máa gbéṣẹ́ fún mọ́tò tó ń sá fún iwájú?
KÙDÍRÁTÙ ONÍGÀÁRÍ: Èmi. Gàárí mi ò mọ ibi tí imú mọ́tò kọjú sí. Ẹ bá mi gbé e sí i.
ÈMI: Ẹ rọra o, adìyẹ wà níbẹ̀.

Bàbá onílé rẹ́rìn-ín. Wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò.

12.
[Péjú: Mọ́nsúrù wà lára àwọn tó jókòó tì wá, tí wọ́n ń gbọ́ ìtàn yìí.]
MỌ́NSÚRÙ: Kọ́kọ́rọ́ yàrá ni bàbá onílé yọ ni, àbí obì?
ÈMI: Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí ẹyin ṣe pa, tí àwọn ọmọ adìyẹ tò sẹ́yìn lèmọ́mù.
MỌ́NSÚRÙ: Ṣéhù, máa lọ sílé jàre.
GBOGBO WỌN: Máa lọ sílé.

13.
Ẹ tún un sọ: sílé.