Àpótí Tó Ń Tẹ Bíréèkì

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti fi irun imú kan ṣoṣo fa tírélà mẹ́ta gun òkè rí, mo sì ń jẹ ẹ̀pà lọ bí mo ṣe ń fà á. Nígbà tí mo dókè, mo sín, tírélà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yí padà sílé. Bí ẹ ò bá gbà mí gbọ́, ẹ bi imú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò gbà mí gbọ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ni wọ́n, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì ń gbé, torí àbúrò bàbá wa ti lé mi, ìyá wa àgbà náà ti lé mi. Irọ́ ni gbogbo wọn tìtorí ẹ̀ lé mi. Ẹní kan lẹ́yìn ìlẹ̀kùn pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni gbogbo ilé tí mo ní láyé.

Nígbà tí iṣẹ́ gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n fẹ́ kí bọ́ọ̀sì fa mọ́tò kékeré wọn lọ, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀. Wọ́n ka ohun tó yẹ fún mi: ọ̀pá irin tí yóò so ọkọ̀ méjèèjì pọ̀, ṣéènì méjì tí yóò dì í mú bí ọ̀pá bá já, wáyà tí yóò máa tan iná ẹ̀yìn mọ́tò kékeré pẹ̀lú ti bọ́ọ̀sì, àti ẹ̀rọ tí yóò máa tẹ bíréèkì mọ́tò ẹ̀yìn nígbàkígbà tí wọ́n bá tẹ ti iwájú.

Wọ́n ní, "Èyí tó kẹ́yìn yẹn nikú wà nínú ẹ̀. Láìsí i, tá a bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mọ́tò ẹ̀yìn á ti bọ́ọ̀sì wọ kòtò."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ yẹn náà lẹ ń pariwo lé lórí? Mo ti ṣe irú ẹ̀ fún ọkọ̀ òfuurufú."

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹlẹ́nu, gbọ́. Tó bá tún jẹ́ irọ́, ká ẹní ẹ."

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí inú má baà bí òótọ́ sí mi: mo jó ọ̀pá irin náà pọ̀ dáadáa, mo de ṣéènì, mo fa wáyà, iná sì tàn. Ẹ̀rọ bíréèkì ni ò gbọ́ tèmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń kan irin mọ́ irin, ohun tó jáde jọ alákàn tí àrùn kọlù. Ni mo bá yọ àga awakọ̀ mọ́tò kékeré náà, mo gbé àpótí pákó ńlá sí ipò ẹ̀, mo lu ihò síwájú ẹ̀, mo ki irin kan gba ibẹ̀ lọ bá bíréèkì. Mo tiẹ̀ kan etí irin sí ìdérí ẹ̀ fún ẹwà.

Mo ní, "Ẹ má ṣí i o. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i nínú, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó létí: bó bá ṣe ń gbọ́ igbe bíréèkì bọ́ọ̀sì yín ni yóò máa tẹ tiẹ̀." Mo ní mo ń wọkọ̀ lọ dúró dè wọ́n. Mo dágbére, mo yí ilé po, mo kó sínú àpótí, mo fa ìdérí dé orí ara mi. Ẹ̀rọ dé.

Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ṣílẹ̀kùn, tí wọ́n yọ gíà sí fírì, tí wọ́n tú sítíárìn sílẹ̀. Mo tún wá gbọ́ "kẹ̀ẹ́". Àgádágodo, lára etí irin tí mo kàn fún ẹwà!

"Kí alátojúbọ̀ kan má lọ ṣí iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò mi," ni wọ́n ń sọ fún ara wọn.

Orúnkún mi wà létí mi, àgbọ̀n mi wà níbi tí ó yẹ kí ikùn wà. Ooru ibẹ̀ lè yọ́ òòlù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kú ká tó jáde ládùúgbò, mo ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀ lọ́wọ́ ni tòsì tẹ̀ lé e. Bọ́ọ̀sì ké "hìíìn", mo ti irin. "Hìíìn", mo ti irin. Bí mo bá kígbe, ẹní mi ti ká. Bí mi ò bá ti irin, ẹ̀gbọ́n mi wọ kòtò. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, òógùn yọ irin lọ́wọ́ mi, mọ́tò sáré sí ìdí bọ́ọ̀sì, ọ̀pá irin lọgun. Orí ni mo fi ti irin náà padà. Títí dòní, ihò kan wà lágbárí mi tí ẹyẹ lè yé sí.

Bọ́ọ̀sì dúró nílé epo. Bàbá kan tó ń wa tírélà bọ̀ lẹ́yìn wa sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Aǹtí, ta lẹ fi sínú mọ́tò ẹ̀yìn? Bíréèkì ẹ̀ ń bá tiyín mu bí ìbejì."

"Kò sẹ́nì kankan, Bàbá. Ẹ̀rọ ni. Àbúrò mi ló ṣe é. Wọ́n ní onírọ́ ni, èmi gan-an pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wò ó!"

Látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó fi mí yangàn rí. Omi bọ́ lójú mi.

Wọ́n sáré gun bọ́ọ̀sì, wọ́n tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹjọ kí bàbá lè rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo ti irin.

Bàbá gbé etí lé àpótí. "Ẹ̀rọ yín ń mí o! Hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀."

"Bí agbára ẹ̀ ṣe tó nìyẹn, Bàbá."

"Agbára kọ́, ó gbẹ ni. Irin tó bá ń mí báyìí, epo ló ń tọrọ." Ni bàbá bá gba ihò da epo ẹ́ńjìnnì sí i, ó bọ́ tààrà sí ẹnu mi tó là sílẹ̀.

"Yééè! Ó tó, Bàbá! Ẹ̀rọ ti yó!"

Àgádágodo ké, ìdérí ṣí. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí, èmi náà ń wò wọ́n, epo ń kán nímú mi, imú tó fa tírélà mẹ́ta.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, afẹ́fẹ́ ti fẹ́ sí i. Ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ wọn bá ọwọ́ wọn gòkè. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì tó ti kú jí dìde lójijì. Mo fò jáde, mo gba abẹ́ apá bàbá onítírélà, ó di títì.

"Ẹlẹ́nu! Padà síbí! Ta ló máa tẹ bíréèkì délé?"

Etí mi gbọ́ wọn. Àmọ́ ẹsẹ̀ mi ti gbé mi kọjá òjìji ara mi lẹ́ẹ̀mejì.