Àbúrò Tí Mo Yá Àwọn Ará Nulla Creek

Ẹ má bi mí ní ohun tí mo rò nípa ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìgbáradì, nítorí mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fi bó. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ṣe kóòṣì àwọn obìnrin ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Wirrabeen, irú bọ́ọ̀lù tí a ń fi ọwọ́ gbé, tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá, tí a sì lè gbé ara wa lulẹ̀ lórí rẹ̀, kò sì sí ọdún tí n kò dìde nínú ìpàdé láti ní kí wọ́n fagi lé e. Nínú oṣù kẹta, oòrùn ṣì ń fìyà jẹ ènìyàn. Òjò kò tíì rọ̀, ilẹ̀ pápá le koránkorán, kọnkéré táwọn oníkíríkẹ́ẹ̀tì fi ń ṣeré láàárín pápá wà níta gbangba, a kò tíì da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Góòlù yòówù kí ẹnikẹ́ni gbá lọ́jọ́ náà, kò sí nínú ìwé ẹnì kankan. Kí la wá ń da ara wa láàmú fún?

Bev Hannaford, ààrẹ ẹgbẹ́ wa, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó sì sọ gbogbo wa di ọmọ rẹ̀, kì í gbà.

“Ros, ọmọ mi,” ló máa ń wí, “ìkórè ti tú wa ká láti ọjọ́ yìí. Ọjọ́ yẹn la fi ń ríra wa. Mo sì máa ń ta páì.”

“Màmá, ẹ ta páì yín. Ẹ jẹ́ ká jókòó jẹ ẹ́ lábẹ́ igi, kí kálukú máa lọ ilé rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì.”

Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á dìbò, èmi á sì fìdí rẹmi. Bó ṣe rí lọ́dún yìí náà nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ará Nulla Creek gbé mọ́tò mẹ́ta dé. Mo ń wo ojú ọ̀nà fún ìkẹrin títí, kò yọjú. Glenys Pascoe, kóòṣì wọn, obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan tí fìlà rẹ̀ tó agbòjò, sọ̀ kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó kó ọmọ ogun wá.

“Ros! Ẹ yá wa léèyàn o. Mẹ́wàá péré la jẹ́, ó ku mẹ́rin. Ara ẹni méjì ò yá, ẹnì kan ń ṣe ìyàwó, ẹnì kan sì rèé, ọkọ rẹ̀ lọ pẹja.”

“Ọkọ lọ pẹja, kí ló wá kan ìyàwó?”

“Òun ló gbé mọ́tò lọ.”

Àṣà wa ni, ní gbogbo agbègbè oko àlìkámà yìí: bí ẹgbẹ́ kan kò bá pé, ìkejì á yá a léèyàn. Ẹni tó bá kọ̀, wọn á fi bú u dọjọ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí kóòṣì tí kò mọ irú ẹni tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Wọn kì í rán ẹni tó mọ eré jù, wọn kì í sì í rán ẹni tí inú máa bí. Tí mo bá rán ọmọ obìnrin tó ni ilé búrẹ́dì, ta ló máa ta búrẹ́dì fún mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè? Ẹni téèyàn lè rán láìbẹ̀ ẹ́, ẹbí ẹni ni. Mo mú ọmọ tuntun mẹ́ta, mo sì pe Bron.

Bron ni àbúrò mi, ìyá kan náà ló bí wa. Ìyá wa kú nígbà tó ṣì kéré, èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà. Ọkọ̀ ọkà ló ń wà báyìí. Ní gbogbo sáà tó kọjá, orí bẹ́ńṣì ló jókòó sí jù. Kí ni kí n ti ṣe é? Kí kóòṣì máa gbé àbúrò rẹ̀ wọ pápá, kí á wá fìdí rẹmi, ní ìlú kékeré bí èyí? Wọn ò ní jẹ́ n rí ọrùn gbé orí. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mò ń ṣojúsàájú.

“Bron, bọ́ jẹ́sì yẹn, kó o wọ tiwọn.”

Ó wò mí. “Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà ni lọ́dún tó kọjá.”

“Mo mọ̀.”

“Èmi náà ni lọ́dún tó ṣáájú ẹ̀.”

“Ta ni kí n wá rán? Ìwọ ni àbúrò mi. O ò lè bá mi jà.”

“Òótọ́ ni,” ó ní. “Mi ò lè bá yín jà.”

Èmi ì bá fi í sí ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí bọ́ọ̀lù kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Glenys fi í sí àárín gbùngbùn. Bí rẹfirí ṣe la bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ tó fò sókè, Bron ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ó já a gbà, ó sáré lọ bí ẹni tí ejò ń lé, ó sì gbá a wọ àárín òpó gíga méjèèjì. Àwọn mọ́tò tó yí pápá ká bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Mọ́tò tiwa ni o! Àwọn ará Wirrabeen ló ń fọn fèrè fún góòlù tí wọ́n gbá sínú ilé wa!

“Ta ló ń ṣọ́ ọ?” mo pariwo. “Ẹ dì mọ́ ọn!”

Dot, ẹni tí mo máa ń rán wọ pápá lọ jíṣẹ́ fún àwọn ọmọ, yíjú sí mi. “Kóòṣì, àbúrò yín mà ni.”

“Mo mọ̀ pé àbúrò mi ni! Lọ sọ fún wọn kí wọ́n gbé e lulẹ̀!”

Wọn ò rí i gbé lulẹ̀. Ó tún fò lé ẹ̀yìn ẹni tó ń ṣọ́ ilé wa, ó hán bọ́ọ̀lù lókè, ó tún gbá a wọlé. Fèrè tún dún. Kí abala kejì nínú mẹ́rin tó parí, Kirrily, ẹni tí mo gbójú lé jù lọ fún sáà yìí, ń lé Bron kiri, ó tẹ etí kọnkéré náà, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yí. A gbé e jáde tẹkúntẹkún. Mo kọjú sí Bev níbi tó ti ń ta páì.

“Màmá, ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ rí ohun tí mò ń wí láti ọjọ́ yìí?”

“Mo rí i, ọmọ mi,” ó ní. “Mo sì rí Bron.”

Inú bí mi débi pé mo gbé páì kan níwájú rẹ̀, mo jẹ ẹ́ láìsanwó.

Nígbà ìsinmi tó kẹ́yìn, mo rìn lọ bá àwọn Nulla Creek níbi tí wọ́n ti ń mu ọsàn. Mo ní kí Glenys dá Bron padà fún mi, pé Kirrily ti fi ẹsẹ̀ ṣèṣe.

“Tó bá gbà, máa mú un lọ,” ni Glenys wí. “Àmọ́ Ros, ẹni tó bá fojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ.”

Àwọn ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bron tu kóró ọsàn sílẹ̀. “Ẹ ti yá wọn, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ n parí eré mi.”

A fìdí rẹmi. Èmi tí mo ní kò sí nínú ìwé, mo mọ iye tí wọ́n fi jù wá lọ, mi ò sì ní sọ ọ́ fún yín.

Lẹ́yìn eré, Bron kò wọ inú ilé ẹgbẹ́. Mo bá a lẹ́yìn mọ́tò Glenys, ó ń jẹ sọ́sééjì inú búrẹ́dì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn wọ̀nyí ni mo máa bá gbá sáà yìí.”

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. “Nulla Creek? Wọn ò tilẹ̀ pé!”

“Ìdí tí wọ́n á fi lò mí nìyẹn.”

“Bron, orúkọ bàbá wa wà lára ògiri ilé ẹgbẹ́ níbí. Wúrà ni wọ́n fi kọ ọ́.”

“Orúkọ Bàbá wà lára ògiri,” ó ní. “Èmi wà lórí bẹ́ńṣì.”

Inú bí mi, ó sì dùn mí. Bron nìkan ló kù mí kù nínú ilé wa. Èrò mi ni pé a jọ máa gba ife kan pọ̀ kí n tó fi iṣẹ́ kóòṣì sílẹ̀, bí mo bá ní sùúrù títí ìlú á fi gbà pé ó tó. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òfin wà. Eléré kò lè lọ àyàfi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá tú u sílẹ̀, ìyẹn ni mo sì fọkàn tẹ̀.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, lẹ́yìn ìgbáradì, gbogbo ẹgbẹ́ pé. Bron fúnra rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀ fún ìtúsílẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì ọtí. Bev ní kí á kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìgbáradì ná, nítorí ó mọ̀ pé mi ò ní jẹ́ kó sinmi. Mo dìde. Mo ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀: ooru, kọnkéré, ẹsẹ̀ Kirrily tó nà sórí àga níwájú wa, àti àwọn tó wá yá èèyàn lọ́wọ́ wa tí wọ́n tún fẹ́ gbé e lọ pátápátá. Mo rí i tí orí ń mì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ mi máa wọlé.

“Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú,” ni Bev wí. “Tí kì í bá ṣe eré ọjọ́ Sátidé, báwo là bá ṣe mọ̀ pé Bron lè gbá bọ́ọ̀lù báyẹn? Ìwọ gan-an, Ros, báwo lò bá ṣe mọ̀?”

Ọ̀rọ̀ náà dé egungun mi. Èmi? Èmi ni wọ́n ń bi báyìí?

“Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀!” Mo gbá tábìlì. “Èmi mọ̀! Àtìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti mọ̀! Èmi ni mo kọ́ ọ ní pápá àgùntàn ẹ̀yìn ilé wa! Kò sẹ́ni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá tó o nínú ẹgbẹ́ yìí. Kirrily gan-an ò tó o!”

Mo rò pé mo ti pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni.

“Ẹ mọ̀?” Bron ló sọ̀rọ̀.

Mo jókòó.

“Èmi rò pé ẹ ò tíì rí i ni,” ó ní. “Gbogbo ìgbà tí mo fi jókòó síbẹ̀, ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú nìyẹn. Mo máa ń sọ pé lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi á rí i.”

Bev bi mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá ká tú u sílẹ̀ tàbí ká dì í mú.

“Ẹ tú u sílẹ̀,” ni mo wí.

Bron dúpẹ́ lọ́wọ́ Bev, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Dot, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú Kirrily, ó kí i pẹ̀lẹ́ ẹsẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó na ọwọ́ kó bọ̀ mí lọ́wọ́.

“Ẹ ṣeun, kóòṣì,” ó wí, ó sì jáde.